Abẹ, Gọ́ọ̀mù àti Ẹ̀rọ Fọ́tókọ́pì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Iṣẹ́ Ọnà Pọ́ńkì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà.

Bí ènìyàn bá dárúkọ pọ́ńkì, ariwo gìtá àti irun tó dúró ṣánṣán bí ogbe àkùkọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. A ó fi orin sílẹ̀ lónìí. Bébà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: bébà tí wọ́n gé, tí wọ́n lẹ̀, tí wọ́n sì rọ jáde lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì ní London, Manchester, New York àti California, láti 1976 títí di nǹkan bí 1984. Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń wo ilà ojú, tí wọ́n á ní ti Oǹdó nìyí, ti Ọ̀yọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó mọ irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ṣe lè wo pósítà pọ́ńkì kó sì sọ ohun tó kọ ọ́ nílà. Gbogbo wúruwùru tí à ń rí lójú bébà yẹn, irinṣẹ́ kan pàtó ló fi í síbẹ̀, òun náà ni a sì fẹ́ tẹ̀ lé.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tú irọ́ kan tó ti pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ọmọ tí kò kọ́ṣẹ́ rí ló ṣe é. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn di àwòkọ́ṣe kò sí lára wọn. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Croydon ni Jamie Reid ti jáde, kó tó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn àdúgbò kan, Suburban Press, sílẹ̀ ní 1970. Linder Sterling àti Malcolm Garrett kọ́ṣẹ́ yíya ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Manchester. Gee Vaucher, tó ya páálí rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn Crass, lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Essex. Wọ́n ti rí iṣẹ́ àwọn ará Berlin, Hannah Höch àti John Heartfield, tí wọ́n ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé fọ́tò láti ìgbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí. Ẹni tí kò mọ ijó kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé kó sì tún dùn ún wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kọ àkọlé ńlá sórí ìwé, ọ̀nà méjì ló ní. Ó lè sanwó fún atolẹ́tà, tàbí kó ra bébà Letraset, èyí tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù ha lẹ́yìn kí lẹ́tà lè lẹ̀ mọ́ ìwé. Letraset yẹn dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà “e” ló máa ń kọ́kọ́ tán, bébà yòókù á wá di aláìwúlò. Suburban Press kò lówó ọ̀kankan nínú méjèèjì. Jamie Reid bá ń gé àkọlé inú ìwé ìròyìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n. Ó jọ lẹ́tà tí àwọn ajínigbé ń kọ láti fi bèèrè owó, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí Malcolm McLaren, tí wọ́n jọ kàwé ní Croydon, pè é ní 1976 pé kó wá bá ẹgbẹ́ olórin Sex Pistols ṣiṣẹ́, ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe ló gbé dání lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lónìí, ẹ má ṣe gé lẹ́tà mọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi bébà bíi mílímítà 2 tàbí 3 yí i ká, kí ó ní ilé tirẹ̀. Ẹ da dúdú lórí funfun pọ̀ mọ́ funfun lórí dúdú. Nínú ìlà kan ṣoṣo, kí lẹ́tà tó ga jù má ṣe ju ìlọ́po méjì èyí tó kéré jù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ojú á máa rí lẹ́tà, kò ní rí ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá máa kan ìṣòro kan tí Jamie Reid kò mọ̀ rárá: ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu bébà nihò ní ọ́fíìsì ló lè gbà yín. Róbótó bébà kékeré tó ń já bọ́ láti inú rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 6, ló ṣe wẹ́kú fún àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ńlá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a fi lẹ́tà gígé kún ojú bébà láti òkè délẹ̀. Ẹ lọ wo páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá tí Sex Pistols gbé jáde lóṣù October 1977 dáadáa. Kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí ìyeyè, ó ń tàn wàà. Àkọlé rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà dúdú gbàgìdì tó tò gbọnrangandan, orúkọ ẹgbẹ́ olórin nìkan ló wà ní lẹ́tà gígé, nínú àpótí aláwọ̀ osùn tó ń dán. Gbogbo agbára lẹ́tà gígé yẹn, ibi kan ṣoṣo ni Reid ná an sí. (Páálí yìí náà ló gbé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan lọ sílé ẹjọ́ ní Nottingham lóṣù November ọdún yẹn, lábẹ́ òfin ìpolówó tí kò bójú mu tí wọ́n ṣe ní 1889, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wà lójú rẹ̀. Agbẹjọ́rò pe ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì wá ṣàlàyé ìtàn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dá ọkùnrin náà sílẹ̀.)

Reid ti ṣe bákan náà fún rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré Sex Pistols ṣáájú ìgbà yẹn, lóṣù May, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń múra àjọyọ̀ ọdún 25 Ọbabìnrin Elizabeth lórí ìtẹ́. Ó mú fọ́tò ọbabìnrin, ó ya bébà lójú àti lẹ́nu rẹ̀, ó kọ àkọlé orin síbi ojú, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ síbi ẹnu. Àwọ̀ méjì péré ló lò, búlúù àti fàdákà. Ibi tí ó ya yẹn ṣe pàtàkì: ọwọ́ ló fi ya á, kò gé e. Etí bébà tí a fà ya máa ń fi okùn funfun inú bébà hàn, ojú sì máa ń ka ìyẹn sí ìwà ipá. Etí tí a fi abẹ gé máa ń jọ iṣẹ́ dókítà. Ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó gbé bébà nílẹ̀.

Linder, ní tirẹ̀, abẹ ló ń lò. Lọ́dún 1977 kan náà, ó gbé obìnrin tó wà níhòòhò láti inú ìwé ìròyìn ọkùnrin, ó bẹ́ orí rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù ilé rọ́pò orí náà, fún rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré àwọn Buzzcocks. Ìwé àwọn ọkùnrin ń ta ara obìnrin, ìwé àwọn obìnrin ń ta ohun èlò ilé. Ó lẹ méjèèjì pọ̀, ó sì rí ohun tó ń wá. Garrett ló kó o sínú àwọ̀ búlúù lórí ìyeyè. Bí etí áyọ́ọ̀nù yẹn bá ṣe rí wúruwùru díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwàdà ni ì bá dà. Abẹ tuntun ló ń mú un mọ́. Kí ẹ máa pààrọ̀ ẹnu abẹ lẹ́yìn bébà mẹ́wàá tàbí méjìlá, torí abẹ tó kú kì í gé bébà ìròyìn, ṣe ló ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí fọ́tókọ́pì, tó jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Lóṣù July 1976, Mark Perry, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní London, fi tapuráítà àti bírò oníwúlì ṣe ìwé ìròyìn kan tó pè ní Sniffin’ Glue. Ẹ̀dà bí 50 ló kọ́kọ́ rọ. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, á fi ìlà gé e kọjá, á máa bá tirẹ̀ lọ. Kò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ tó fi dá a dúró, ó ti ń sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n lọ ṣe tiwọn. Wọ́n sì ṣe é. Ìwé kéékèèké báyìí ṣú jáde jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí eéṣú.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn ni pé dúdú àti funfun ló mọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ eérú tó wà láàárín wọn. Fọ́tò tó ń dán, tí ojú èèyàn inú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ gbé e sórí dígí rẹ̀, á sọ ọ́ di àbààwọ́n dúdú méjì àti imú. Fọ́tò inú ìwé ìròyìn ló fẹ́ràn, torí pé tótòtó dúdú wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti fi tẹ òun tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé pọ́ńkì fi kún fún tótòtó. Bí fọ́tò dídán nìkan lẹ bá ní, ẹ sún ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ sápá funfun kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó yan ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń fi ẹ̀dà rọ ẹ̀dà, ohun kan máa sọnù nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀dà kejì, eérú díẹ̀ ṣì kù. Tó bá di ẹ̀kẹrin tàbí ìkarùn-ún, eérú ti tán, etí lẹ́tà ti ń jẹ bí aṣọ tí ikán wọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń rọ àwòrán lọ́tọ̀ títí dé ẹ̀dà ìkarùn-ún, wọ́n á wá lẹ ọ̀rọ̀ tuntun mọ́ ọn, kí àwòrán lè gbó, kí ọ̀rọ̀ sì ṣeé kà. Ẹni tó bá rọ méjèèjì papọ̀, lẹ́tà tapuráítà rẹ̀ á dí lójú, “e” á di “o”. Láti sọ A5 di A4, ẹ tẹ 141%. Láti sọ A4 di A5, ẹ tẹ 71%. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú èèyàn nà bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbá, ẹ rọra máa fa bébà lórí dígí síbi tí iná ń lọ. Bí ẹ bá fà á lòdì síná, á súnkì. Ẹ má fà á yára ju iná lọ, òkùnkùn lẹ máa rí.

Gọ́ọ̀mù olómi ló ń ba iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́. Omi inú rẹ̀ máa ń mú bébà ìròyìn wú, á sì ká. Ibi tó bá wú kò ní kan dígí dáadáa, lẹ́tà ibẹ̀ á ṣú. Gọ́ọ̀mù onígi, èyí tí à ń yí jáde bí ìkunra ètè, sàn ju ìyẹn lọ. Gọ́ọ̀mù onírọ́bà ló dára jù: ẹ fi díẹ̀ pa ojú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ ìṣẹ́jú kan, ẹ wá lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi díẹ̀ pa ojú kan ṣoṣo, ẹ ṣì lè ṣí i kúrò kí ẹ sún un. Bí àwọn ege bá ti lẹ̀ tán, etí wọn á máa ju òjìji tín-ín-rín nígbà tí iná ẹ̀rọ bá kọjá, ìlà dúdú á sì yí gbogbo ege ká lórí ẹ̀dà. Oníṣẹ́ ọ́fíìsì á fi ọ̀dà funfun Tipp-Ex pa á rẹ́. Àwọn pọ́ńkì fi í sílẹ̀, ó sì di àmì ìdánimọ̀ wọn. Kí ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀rọ náà kì í tẹ nǹkan dé etí bébà. Ó máa ń fi bíi mílímítà 5 sílẹ̀ funfun. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ yíká, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ó bẹ́ yín lọ́rọ̀ jẹ.

Ìwé ojú-ewé 16, bébà A4 mẹ́rin ni, tí a ká sí méjì. Òfin rẹ̀ ni pé kí nọ́ńbà ojú-ewé méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 17 bí a bá rò ó pọ̀. Bébà àkọ́kọ́: 16 lósì, 1 lọ́tùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀, 2 àti 15. Èkejì: 14 àti 3, lẹ́yìn rẹ̀ 4 àti 13. Ẹ̀kẹta: 12 àti 5, lẹ́yìn rẹ̀ 6 àti 11. Ẹ̀kẹrin: 10 àti 7, lẹ́yìn rẹ̀ 8 àti 9. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lè kà á lójú oorun. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí a bá ń dá bébà padà sínú ẹ̀rọ: bí ẹ bá yí i gba etí tí kò yẹ, ojú-ewé ẹ̀yìn á dorí kodò. Ẹ rọ ẹyọ kan péré, ẹ ká a, ẹ ṣí i látòkè délẹ̀, kí ẹ tó rọ 50. Tí ẹ kò bá ní sítépúlà ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ ṣí èyí tó kúrú, ẹ tẹ́ páálí nípọn sábẹ́ ìwé, ẹ lù ú wọlé láti ẹ̀yìn, ẹ wá fi ṣíbí tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ fi ń dé ìgboro ni sítẹ́ńsù, ìyẹn páálí tí a gé ihò lẹ́tà sí kí ọ̀dà lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn Crass, tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé oko kan ní Essex, ló sọ ọ́ di tiwọn: lẹ́tà sítẹ́ńsù yí àmì róbótó ká lórí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀dà fín irú lẹ́tà kan náà sára ògiri ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London. Páálí wọn máa ń ṣí di pósítà dúdú òun funfun, pẹ̀lú iye owó tí olùrà kò gbọdọ̀ san jù ú lọ lójú rẹ̀ gbàgàdà. Àwọn àwòrán Gee Vaucher tó wà nínú rẹ̀ sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n rò pé fọ́tò ni ó gé lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà omi ni ó fi kùn púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa sítẹ́ńsù. Páànù ni àwọn ọkùnrin máa ń gé fún un, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n sì ń tì gba ojú ihò. Ìṣòro kan náà ló wà níbẹ̀ àti níbí: ohun tó wà láàárín O, A, B, D, P àti R máa já bọ́ tí a bá gé lẹ́tà yíká. Ẹ ní láti fi afárá sílẹ̀, ìyẹn ege tín-ín-rín tó so inú mọ́ òde. Lórí páálí, kí afárá má dín ní mílímítà 4, torí pé ọ̀dà máa rin ín, á sì ká lẹ́yìn ìgbà kẹta tí ẹ bá lò ó. Ẹ gbọn agolo ọ̀dà fún ìṣẹ́jú 2, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 jìnnà, ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú díẹ̀ wà láàárín. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù, tó sì fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè tètè sálọ, ọ̀dà á ṣàn wọ abẹ́ páálí, lẹ́tà á sì hu irùngbọ̀n.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé àmì ẹgbẹ́ olórin Black Flag ti California ni iṣẹ́ tó gbọ́n jù lọ nínú gbogbo ohun tí pọ́ńkì ṣe. Raymond Pettibon ló yà á: ọ̀pá dúdú mẹ́rin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀, bí àsíá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kò sí inú tó lè já bọ́, kò nílò afárá, kò tilẹ̀ nílò sítẹ́ńsù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fín in sára ògiri láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Pósítà ńkọ́? Ẹ̀kọ fúláwà ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Po ife fúláwà kan mọ́ omi tútù díẹ̀ kó má baà so kókó, dà á sínú ife omi mẹ́rin tó ń hó, rò ó títí á fi ki. Ẹ pa ògiri lẹ́kọ, ẹ lẹ pósítà, ẹ tún fi ẹ̀kọ pa ojú rẹ̀.

Ti aṣọ kò ní pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Vivienne Westwood àti McLaren ní nọ́ńbà 430, King’s Road, ní Chelsea, tó ń jẹ́ SEX láti 1974, tó sì di Seditionaries lọ́dún 1976 sí 1977, ni ìwé ìtàn máa ń sọ ṣáá. Aṣọ ibẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù ilé ìwé àti píìnì ìtẹ́dìí ọmọ ló lò. Poly Styrene ti X-Ray Spex, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sòmálíà, gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: ó wọ ọ̀rá àti àwọ̀ tó ń kọ mànà, nígbà tí gbogbo àwọn yòókù ń wọ dúdú.

Jákẹ́ẹ̀tì awọ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń bà jẹ́. Awọ tuntun ní ohun tó ń dán lójú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Ẹ fi oje tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ nù ún kí dídán náà kúrò, ẹ wá fi ọ̀dà akirílíìkì kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbúnwọ́ ni á ti kọ́kọ́ sán. Kókó irin onísóńsó, bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 12, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i ní mílímítà 15 láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì. Ẹ fi ẹnu abẹ là á kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹsẹ̀ náà sínú, ẹ sì rán aṣọ bò ó nínú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ha yín lára. Èyí tó ní súkúrúù, ẹ fi ẹ̀kán ọ̀dà èékánná kan sẹ́nu rẹ̀, torí ijó ọjọ́ kan péré tó láti tú u.

Ibì kan wà tí a kò ní gbè wọ́n. Ní 1976 sí 1977, àwọn kan lára wọn ń wọ àmì Hítílà sára aṣọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi bí àwọn àgbà tó ja ogun nínú ni. Lójú bébà, àmì yẹn kò ní irinṣẹ́ kankan tó fi í síbẹ̀. Wọ́n yá a lásán ni. Lóṣù August 1977 kan náà, National Front tòótọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́de gba Lewisham, ní apá ibi tí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú, tí àwọn ará ilé wa wà lára wọn, ń gbé. Ta ni á wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bóyá àwàdà ló ń ṣe? Rock Against Racism, ẹgbẹ́ tó ń fi orin tako ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ló fi irinṣẹ́ pọ́ńkì kan náà dá wọn lóhùn: báàjì oníràwọ̀, ìwé ìròyìn Temporary Hoarding tí wọ́n gé tí wọ́n lẹ̀, àti ìwọ́de ńlá ọjọ́ 30 oṣù April 1978 láti Trafalgar Square dé Victoria Park.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti ní bọ́tìnì tó ń fi tótòtó, ìlà òjìji àti etí jíjẹ sójú àwòrán. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé etí gbogbo ege jẹ bákan náà, pé òjìji kan ń bọ̀ láti ọ̀tún, èkejì láti òsì, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ní iná méjì. Lẹ́tà “e” mẹ́ta tó wà lójú kan á ní àléébù kan náà síbì kan náà.

Ẹni tó bá ní ojúlówó lọ́wọ́ kó tọ́jú rẹ̀. Bébà ìròyìn máa ń di rẹ́súrẹ́sú fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á, nítorí oje igi tó wà nínú rẹ̀. Sẹ́lótépù á pọ́n bí epo, á sì já. Àwọ̀ tó ń kọ mànà ló ń ṣá jù, ẹ má ṣe gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọlé. Ẹ̀dà fọ́tókọ́pì dúdú ló máa ń pẹ́ ju iṣẹ́ tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tí ó bí i lọ, torí pé èédú àti ike ni ìyẹ̀fun dúdú inú ẹ̀rọ náà. Àmọ́ ike náà fẹ́ràn ike: bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀dà yẹn sínú ọ̀rá PVC, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lẹ́tà á fi bébà sílẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ lo ọ̀rá polyester tàbí polypropylene, kí ẹ sì tò wọ́n pẹrẹsẹ, ẹ má ṣe nà wọ́n dúró.